Ọ̀gá Irinṣẹ́

Kò sí ẹgbẹ́ ayìnbọn kan ní Ìlú Ọba tí kò ní Ọ̀gá Irinṣẹ́ tirẹ̀. Kò dìgbà tó bá lanu kí ẹ tó dá a mọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ ìdánrawò, àwọn ẹlòmíràn á gbé àpò kékeré kọ́ èjìká wọ gbọ̀ngàn. Òun á máa fa àpótí onítáyà bọ̀ lẹ́yìn. Ìbọn ìléwọ́ alátẹ́gùn méjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú bàtà pẹrẹsẹ tí wọ́n dìídì ṣe fún ayìnbọn, gíláàsì olójú kan tó ní ìbòjú lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti ìwọ̀n tó fi ń yẹ tírígà wò, nítorí òfin ìdíje ní tírígà kò gbọdọ̀ rọ̀ ju gíráàmù 500 lọ. Agolo ọta rẹ̀ jẹ́ oríṣi mẹ́rin. Orí ọta mìlímítà 4.49 àti ti 4.50 kì í ṣe ọ̀kan náà, ó sì ṣetán láti ṣàlàyé ìyàtọ̀ wọn fún yín títí wọn yóò fi pa iná gbọ̀ngàn.

Máàkì nìkan ni kì í sí nínú àpótí náà.

Eré ìbọn ìléwọ́ alátẹ́gùn ọ̀hún kò ṣòro í ṣàlàyé. Ẹ ó dúró ní mítà 10 sí àmì, ẹ ó na ọwọ́ kan ṣoṣo, ẹ ò ní fara ti nǹkan kan, ẹ ó sì yìn ín nígbà 60 láàrin ìṣẹ́jú 75. Òbìrí àárín tó ń gba máàkì 10 kò fẹ̀ ju mìlímítà 11.5 lọ. Ẹni tí kò bá tàsé rẹ̀ rárá á gba 600. Ní ọdún 2009, Jin Jong-oh ará Kòríà gba 594. Ọ̀gá Irinṣẹ́ kì í sábà kọjá 520, ṣùgbọ́n ẹjọ́ rẹ̀ kọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iná gbọ̀ngàn ló ń ṣẹ́ sí i lójú. Lọ́sẹ̀ yìí, irin kékeré inú ìbọn tó yẹ kó pa ìtagìrì rẹ̀ ni wọn kò tò dáadáa nílé iṣẹ́. Èèkù tuntun tí wọ́n ń gbẹ́ fún un ní Jámánì ló máa yanjú tọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ó yẹ kí a mọ ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kó sí i lọ́wọ́ ti ń wá. Lẹ́yìn tí ọkùnrin kan yìnbọn pa ọmọ iléèwé 16 àti olùkọ́ wọn ní Dunblane, ní Scotland, lọ́dún 1996, òfin ọdún 1997 gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìbọn ìléwọ́ ẹlẹ́tù kúrò lọ́wọ́ aráàlú ní England, Wales àti Scotland. Láti ìgbà náà, ti alátẹ́gùn ni ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ràn ìbọn ìléwọ́ sá lọ bá. Ní England àti Wales, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 18 lè rà á lọ́wọ́ oníṣòwò tó níwèé láìgba àṣẹ kankan fúnra rẹ̀, bí agbára ìbọn náà kò bá ti ju ìwọ̀n òfin lọ. Ní Scotland, láti òpin ọdún 2016, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún ọmọ tuntun, Ọ̀gá Irinṣẹ́ ló sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà,” ọmọ tuntun á béèrè, “ìbọn wo ni kí n rà tí owó rẹ̀ ò ní pa mí lára?”

Ọ̀gá á mí kanlẹ̀. “Ọmọ mi, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.”

Ó di kó máa ka orúkọ: Steyr ti Austria, Pardini ti Ítálì, Walther LP500, Feinwerkbau P8X, àti Morini ti Switzerland tó jẹ́ pé iná mànàmáná ló ń bá tírígà rẹ̀ ṣiṣẹ́. Kò sí irọ́ nínú ohun tó wí. Ìbọn gidi ni gbogbo wọn. Ẹyọ kan nínú wọn ní tuntun lè lé ní 1,000 pọ́n-ùn dáadáa, kò tíì kan sílíńdà ńlá tí a fi ń rọ afẹ́fẹ́ sínú kékeré ara ìbọn. Ọmọ tuntun tó mú 300 pọ́n-ùn wá á rọra kí gbogbo ilé pé ó dàárọ̀, wọn ò sì ní rí i mọ́.

Ohun tí Ọ̀gá mọ̀ tí kò sọ rèé. Weihrauch ní Jámánì ń ṣe HW40: ẹ fa apá òkè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, afẹ́fẹ́ ti wọlé, kò wá sílíńdà kankan, 300 pọ́n-ùn yẹn á sì rà á tòun ti ṣẹ́ńjì ọta. Kì í ṣe ìbọn ìdíje o. Tírígà rẹ̀ kò mọ́ tó, ara rẹ̀ sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó tó fi kọ́ bí a ṣe ń dúró, bí a ṣe ń mí, àti bí a ṣe ń fà á láìja ọwọ́. HW75 ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wúwo jù ú lọ, owó rẹ̀ náà sì ga jù ú lọ. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ àpilẹ̀kọ yìí, àlòkù ni á ní kí ẹ wá. Feinwerkbau 65 jáde láti ọdún 1965, wọ́n sì fi gba àmì ẹ̀yẹ kiri ayé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ọta bá ti jáde, ara òkè rẹ̀ á sún sẹ́yìn lórí ìdí rẹ̀, ọwọ́ ò ní mọ̀ pé nǹkan ta. Rọ́bà inú rẹ̀ máa ń gbó, ṣùgbọ́n onímọ̀ á pààrọ̀ rẹ̀, ó tún di bí i tuntun. IZH-46M tí wọ́n ṣe ní Izhevsk, ní Rọ́ṣíà, kò lẹ́wà rárá, irin rẹ̀ gùn gbọọrọ, ibi tí ẹ bá sì nà án sí ló ń lu. Ẹ ó kàn fa apá rẹ̀ fún gbogbo ọta kọ̀ọ̀kan, 60 nínú ìdíje àti ti ìdánwò níwájú rẹ̀; kí ẹni tí apá rẹ̀ kò lágbára kọ́kọ́ dán an wò.

Inú gbogbo ẹgbẹ́ ni ẹ ó ti rí ìyá àgbà kan tó ń lo ọ̀kan nínú àwọn arúgbó ìbọn wọ̀nyí, tí kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ẹ wo bébà àmì rẹ̀ nígbà tó bá ń lọ sílé.

Ẹ má rò pé gbogbo ohun tó pọ́ọ́kú ló dáa. Èyí tí wọ́n ṣe kó jọ ìbọn sójà, tí wọ́n ń ki agolo gáàsì sí nídìí, ohun ìṣeré ẹ̀yìnkùlé ni. Tírígà rẹ̀ le, ó sì ń fa ọwọ́ lọ síbi tí ojú kò wò, ohun tí ẹ bá fi kọ́ ní oṣù mẹ́fà á gba ọdún kan kí ẹ tó gbàgbé rẹ̀. Lórí èyí, ohùn Ọ̀gá Irinṣẹ́ àti tiwa ṣọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ kò gbọdọ̀ dá sílẹ̀ níwájú rẹ̀ ni ti Yusuf Dikeç. Ní Òlíḿpíìkì Paris 2024, ará Tọ́kì ẹni ọdún 51 yìí wọ ṣẹ́ẹ̀tì lásán àti gíláàsì ojú lásán, ó ki ọwọ́ òsì bọ àpò ṣòkòtò, òun àti Şevval İlayda Tarhan sì gba fàdákà nínú ìdíje takọtabo. Gbogbo ayé ń rẹ́rìn-ín, Ọ̀gá ń bínú. “Ẹ̀tàn ni! Ẹ ò wo ìbọn ọwọ́ ẹ̀ ni?” Kò jẹ̀bi tán. Ìbọn ìdíje gidi ló wà lọ́wọ́ Dikeç, rọ́bà ìdítí náà sì wà létí rẹ̀. Ohun tí Ọ̀gá ń fò dá ni pé agbófinró tó ti fẹ̀yìn tì ni ọkùnrin náà, ó sì ti ń lọ sí Òlíḿpíìkì láti Beijing 2008. Bàtà tí Ọ̀gá rà kò tíì pé ọdún kan. Manu Bhaker ará Íńdíà ńkọ́? Ìbọn olówó gọbọi bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ láàrin ìdíje ní Tokyo, ó pàdánù àṣekágbá; ó padà dé Paris, ó gba idẹ méjì.

Síbẹ̀síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká fún Ọ̀gá Irinṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kì í lo ìbọn kan pẹ́. Bí ilé iṣẹ́ kan bá ti gbé tuntun jáde, èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti di ẹ̀bi, á sì tà á ní ìdajì owó. Òun gan-an ni orísun ìbọn ìdíje olówó pọ́ọ́kú fún gbogbo ẹgbẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ọ̀pọ̀ máàkì jù ú lọ, ìbọn rẹ̀ àtijọ́ ló wà lọ́wọ́ wọn, ó sì máa ń yangàn pé òun lòun gbé wọn dìde.

Kí ẹ tó kówó sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yá ìbọn ẹgbẹ́ lò fún oṣù díẹ̀. Ẹ di èèkù mú, kí ẹ mọ̀ bóyá ó gba ọwọ́ yín, pàápàá bí ẹ bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Ẹ ya owó ọta sọ́tọ̀, nítorí agolo ọta 500 kò ju ìdánrawò mẹ́fà lọ. Nígbà tí Ọ̀gá Irinṣẹ́ bá sì gbé èyí tó fẹ́ tà jáde, ẹ ní kó yí sílíńdà ara ìbọn náà kí ẹ ka déètì rẹ̀: bó bá ti lé ní ọdún 10, ẹ yọ owó sílíńdà tuntun kúrò nínú iye tó pè.