Wi-Fi Kún Fọ́fọ́, Fídíò Kọ̀ Kò Lọ

Ẹ bá mi wo ẹ̀gbọ́n mi ní Yantala, nílùú Niamey níbí. Páàtì mọ́tò ló ń tà ní ọjà Katako, bó bá sì ti fi àtàǹpàkò nu bẹ́árìn lẹ́ẹ̀kan báyìí, á sọ fún ọ bóyá ojúlówó ni tàbí ayédèrú. Òun náà ló jókòó sórí àga tìmùtìmù lẹ́yìn ìrun alẹ́, tó na fóònù sókè sí àjà, tó tún sọ ọ́ kalẹ̀, tó ń bẹ̀ ẹ́. Wọ́n fi fídíò ìgbéyàwó ọmọ àbúrò rẹ̀ ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyàwó ń jó bọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, òbírí kékeré kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú fóònù. Mo jẹun tán, mo fọ ọwọ́, ìyàwó ò tíì sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀.

"Wò ó, Wi-Fi kún!" ni Ẹ̀gbọ́n ń wí. "Ó kún fọ́fọ́! Wallahi, àwọn èèyàn yìí ń fi mí ṣeré ni."

Ó kún lóòótọ́. Ohun kan ṣoṣo ni àmì Wi-Fi ojú fóònù sì mọ̀ ọ́n wọ̀n: bí fóònù àti àpótí Wi-Fi tó wà lórí fìríìjì ṣe ń gbọ́ ohùn ara wọn. Láti àga Ẹ̀gbọ́n dé ìdí fìríìjì, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ọ̀nà tó ti ẹ̀yìn àpótí lọ sí gbogbo ayé, kò kàn án rárá. Ẹ yọ okùn tó gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, kí ẹ jù ú sẹ́yìn ògiri, Wi-Fi á ṣì kún. Bóyá kó kàn fi àmì ìyanu kékeré kan sí i, èyí tí Ẹ̀gbọ́n máa kà sí ìkíni.

Ẹ tiẹ̀ jẹ́ ká ki àpótí náà, ó ti pẹ́ nínú ilé:

Olójú wẹ́wẹ́ a-ṣẹ́jú-má-sùn,
A-gorí-fìríìjì-má-mu-omi-tútù,
Ó wọ aṣọ onílẹ́ẹ̀sì, kò róde lọ,
A-gbowó-oṣù-má-ṣiṣẹ́!

Aṣọ onílẹ́ẹ̀sì yẹn, kì í ṣe àwàdà. Ìyá àwọn ọmọ ló fi òwú funfun hun ìborí fún un, ó sì to òdòdó oníke síwájú rẹ̀. Ihò tó yẹ kí àpótí máa fi mí, eruku ọyẹ́ ti dí i, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Oṣù kẹrin la wà yìí, tí ooru Niamey ń kọjá ìdíwọ̀n 40, fìríìjì náà tún ń tú ooru tirẹ̀ sí i láti ìsàlẹ̀. Irin fìríìjì lábẹ́, kọ́bọ́ọ̀dù onírin lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí èmi ni wọ́n fi síbẹ̀, mi ò ní gbé fídíò kankan fún ẹnikẹ́ni.

Ìgbì méjì ni irú àpótí bẹ́ẹ̀ sábà máa ń lò. Èyí tí wọ́n ń pè ní 2.4 GHz máa ń la ògiri kọjá, ó sì máa ń dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Èyí tó jẹ́ 5 GHz yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ògiri méjì ti tó láti dá a dúró. Fóònù Ẹ̀gbọ́n rí i pé 2.4 ló kún jù, ló bá dì mọ́ ọn. Èyí tó kún jù yẹn gan-an ló sì ń falẹ̀ jù, nítorí ojú ọ̀nà tí kò wọ inú ara wọn níbẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ: 1, 6 àti 11. Ní Yantala tí ilé fara ti ilé, gbogbo àpótí àdúgbò ló rọ́ síbẹ̀, bí ọ̀kan bá sì ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù gbọ́dọ̀ dákẹ́ dè é. Gbogbo wọn ló kún fọ́fọ́ o!

Ẹ wí èyí fún Ẹ̀gbọ́n, á ní òkun ló fà á. Niger kò ní òkun. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, tí okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì dákù láti Monrovia dé Èkó, tó fi kan Niamey, Ẹ̀gbọ́n ti rí ẹni di ẹ̀bi rù. Àwọn MainOne ní ó jọ pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló mì. Ẹ̀gbọ́n ní irọ́ ni, ẹja àbùùbùtán ló jẹ ẹ́. Wọ́n ti tún okùn so tipẹ́. Àbùùbùtán tirẹ̀ ṣì ń jẹun lójoojúmọ́, pàápàá láago mẹ́sàn-án alẹ́.

Kì í ṣe pé ọ̀nà ò jìn. Okùn fáíbà kan wà tó ń ti Cotonou, níbi tí SAT-3 àti ACE ti gúnlẹ̀, gòkè gba Parakou dé Malanville, tó ré odò Ọya kọjá sí Gaya, tó gba Dosso wọ Niamey. Ó lé ní 1,000 kìlómítà. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní oṣù keje ọdún 2023, tí bódà Malanville sì tì pa, àwọn oníṣòwò wa sùn sídìí afárá, àwọn mìíràn wọ ọkọ̀ ojú omi. Fídíò nìkan ló ń kọjá láìfún ẹnikẹ́ni ní owó bódà. Bó bá wá rin gbogbo ìyẹn láìsùn lọ́nà, tó délé tán, tó kú sí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí àga Ẹ̀gbọ́n, ta ni ká mú?

Ẹ̀gbọ́n ní ká mú àwọn tó ta íntánẹ́ẹ̀tì fún òun, olè ni wọ́n. Òun san owó méga 10, fóònù òun ò kà ju 1.25 lọ! Bíìtì ni wọ́n fi ń tà á, báìtì ni fóònù fi ń kà á, bíìtì 8 ló sì wà nínú báìtì kan. Ẹ pín 10 sí 8. Ọkùnrin tó ń fi orí lásán ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà, tí kì í ṣe àṣìṣe kọ́bọ̀ kan, ìdí 8 yìí ló jókòó sí tó fẹ́ pe lọ́yà.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kàwé ní Yunifásítì Abdou Moumouni ló gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó já kọ̀ǹpútà kúrò lórí Wi-Fi, ó fi okùn so ó mọ́ àpótí ní tààrà, ó sì wọn eré rẹ̀ lẹ́yìn ìrun àárọ̀: 10 pé géérégé. Ó tún wọ̀n ọ́n lálẹ́ pẹ̀lú okùn kan náà, kò tó 2. Ó lè jẹ́ pé gbogbo ìlú ló rọ́ sórí okùn lálẹ́, ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ náà kò dúró síbẹ̀. Ó wọ inú àpótí lọ wo orúkọ àwọn tó ń jẹun níbẹ̀. Tecno, Itel, Tecno, Infinix, Tecno, Samsung, Tecno, àti tẹlifíṣọ̀n ńlá kan.

Ẹ̀gbọ́n ò ní tẹlifíṣọ̀n tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì.

Àwọn ọmọkùnrin kan sì ní fada, ìyẹn ibi ìjókòó àwọn ọ̀dọ́, lẹ́yìn ògiri ilé rẹ̀. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì síbẹ̀, wọ́n ń se tíì lórí èédú, wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ wọn sára ògiri gàdàgbà. Ẹ̀gbọ́n máa ń yangàn pé ọgbọ́n òun ni wọ́n fẹ́ràn, òun ló jẹ́ kí wọ́n máa jókòó ti òun. Ọgbọ́n ọ̀hún mà ni páswọ́ọ̀dù! Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ló fi ṣe é, èyí tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sójú ìsọ̀ rẹ̀ ní Katako, kí oníbàárà lè rí i láti òkèèrè.

Ẹ̀gbọ́n ní kí ọmọ náà fi í sílẹ̀, òun á kúkú ra Starlink, ó ti wọ Niger láti 2025. Mo ní, "Ẹ máa rà á, kí àwọn ọmọ fada lè gbé ìkòkò tíì kejì kaná." Àgbà ní a ń lé akátá lọ ká tó bá adìyẹ wí; ẹ̀gbọ́n tèmi fẹ́ ra adìyẹ sí i fún akátá.

Ọmọ náà yí páswọ́ọ̀dù lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ṣí aṣọ lórí àpótí, ó gbọn eruku rẹ̀, ó gbé e kúrò lórí fìríìjì wá sára ògiri pálọ̀, ó sì fi fóònù bàbá rẹ̀ sórí 5. Ìyàwó Ògbómọ̀ṣọ́ sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí gbogbo fada fi dìde dúró. Àwọn tí kì í gbé ìdí kúrò lórí bẹ́ǹṣì fún ẹnikẹ́ni gbé ife tíì lọ́wọ́ méjèèjì, wọ́n ń kí i: "Baba, fofo! Mate ni go?" Aládùúgbò tó ni tẹlifíṣọ̀n náà yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìka họrí, ó ní, "Alájì, ṣé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tiyín náà ò lọ lónìí ni?"

Ẹ̀gbọ́n gba tíì, ó mu ún, ó mi orí tìkà-tìkà.

"Àbùùbùtán ni," ó ní. "Ó tún ti jẹ okùn."