Bóòtù Méjì Ṣẹ́ Kù
Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì mi funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi rédíétọ̀ ń tán láìjò sílẹ̀: tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Mẹkáníìkì dá iye kan. Mo ní èmi náà ní sípánà. Ohun tí kò nípọn ju páálí lọ, mo tú ìdajì ọkọ̀ sẹ́yìnkùlé kí n tó rí i! Àárín ló yẹ kéèyàn ti máa di bóòtù rẹ̀ lọ sétí, díẹ̀díẹ̀. Èmi dì í bí ẹni ń di ẹrù sórí kẹ̀kẹ́.

“Bàbá Ìbejì, níbo lẹ ti yọ méjì yìí?”

“Ènì ni.”

Ìyàwó mi ò fèsì. Ó gbé báàgì ọjà rẹ̀, ó lọ dá ọ̀kadà dúró.