Ọmọ Màlúù Kì í Ṣe Ọmọ Ọwọ́

Bí àwọn màlúù Òkè-Ògùn bá lè pe ẹjọ́, èmi ni wọn ì bá kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn, nítorí kò sí àṣìṣe ará ìgboro nípa ọmọ màlúù tuntun tí kò sí lọ́wọ́ mi, ìyá kan ló sì bí gbogbo wọn: ara mi ni mo fi ń wọn màlúù. Bí mo bá fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ tó gbóná, n ó ní ibà ni. Bẹ́ẹ̀, tiwa kò ju nǹkan bí 37 lórí tẹmómítà. Ọmọ màlúù tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá wà láàárín 38.5 sí 39.5. Kò sí èyí tí ọwọ́ mi kò ní sọ di aláìsàn láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí. Bí etí rẹ̀ bá tutù láàárọ̀ ọyẹ́, n ó tún máa dárò rẹ̀. Bó bá dùbúlẹ̀ sínú koríko láìké, n ó ní ó ti tán, nígbà tó jẹ́ pé fífarapamọ́ ni ìṣe rẹ̀ lọ́jọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, títí ìyá yóò fi ti ìjẹko dé. Ìgbà tí ìyá bá dé ló yẹ kí n wò ó: ṣé ó dìde, ṣé ó nara, ṣé ó wá ọmú lọ? Èyí tí kò bá mu ni ká bẹ̀rù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti burú jù ni wàrà àkọ́kọ́, tó nípọn, tó pupa rúsúrúsú, tí ojú mi kò gbà. Ọmọ ènìyàn ti ń gba èròjà tí ń gbógun ti àrùn láti inú ìyá rẹ̀. Ibi màlúù kì í jẹ́ kí wọ́n kọjá. Inú wàrà yìí ni ọmọ màlúù ti ń rí wọn, ìfun rẹ̀ kò sì ní gbà wọ́n pẹ́: wákàtí mẹ́fà àkọ́kọ́ ló dára jù, bó bá fi di wákàtí 24, ó ti bọ́. Ẹnìkan lè sọ pé owó ni wàrà, pàápàá látìgbà tí ilé-iṣẹ́ wàrà FrieslandCampina WAMCO ti bẹ̀rẹ̀ ètò ríra wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 2010. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wàrà ọjọ́ àkọ́kọ́ kò ṣeé dà mọ́ ti títà, ó sì máa ń dì lórí iná kí bòmubòmu tó kàn án. Ọmọ náà kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

Wọ́n tún lè bi mí pé Fúlàní wo ló gbé tẹmómítà lọ́wọ́ kí gáà rẹ̀ tó kún. Ẹni tó mọ màlúù kọ̀ọ̀kan, tó ń rí i láràárọ̀, ojú rẹ̀ ti tó o. Èmi tí gbogbo wọn kàn funfun lójú mi ni irinṣẹ́ yẹ. Irinṣẹ́ náà a sì máa tan ni: oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà ní Ṣakí lè mú ara tó dá gbóná, nítorí náà kùtùkùtù ni ká wọ̀n ọ́n. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá dé, ká fi ìka méjì fa awọ ọrùn rẹ̀. Bí kò bá tètè padà, omi ti tán lára rẹ̀. Ká ránṣẹ́ pe dókítà ẹranko, ká má sì gba wàrà lẹ́nu rẹ̀. Àti tẹmómítà náà, abẹ́ apá kọ́ o, ẹnu kọ́. Ihò ìdí ni, kí ẹni tó lágbára sì dúró níbi orí.