Kábíyèsí Àga, Kí Ẹnikẹ́ni Má Pẹ́ Lórí Yín

Kábíyèsí, Àga Sẹ́nétọ̀ Gúúsù Èkìtì, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìmẹ̀sí-Lásìgìdì ni mo ti wá. Kì í ṣe Ìmẹ̀sí-Ilé ti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kì í sì í ṣe Òkèmẹ̀sí. Tiwa ni Ìmẹ̀sí tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Gbọ́nyìn, èyí tí àwọn olóṣèlú máa ń rántí ọ̀nà rẹ̀ ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin. N kò mú onílù dání, torí owó onílù tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò kọjá ọ̀dọ̀ alága wọ́ọ̀dù. Ẹnu lásán ni mo fẹ́ fi kì yín, ẹ sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Àga ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, ọkọ ìyàwó mẹ́fà,
Ọkọ Ìkẹ́rẹ́, ọkọ Emùré, ọkọ Ìsẹ̀ òun Ọ̀rún,
Ọkọ Ìlàwẹ̀, ọkọ Òmùò, ọkọ Òde ní Gbọ́nyìn,
Ó fẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò bọ́ ọ̀kan yó.
Agbàlejò-má-gbàbọ̀,
Akíni-káàbọ̀-má-kíni-kú-ìjókòó,
Ó gbéni níyì lóṣù Kẹfà,
Ó gba iyì náà padà lóṣù Kẹfà ọdún kẹrin.
Ilẹ̀ Iyì, Ilẹ̀ Ẹ̀yẹ ni wọ́n ń pe Èkìtì,
Ẹ̀yin lẹ gba iyì, ẹ fi ẹ̀yẹ sílẹ̀ fún wa.

Ẹ jẹ́ kí n ka àwọn tí itan yín ti gbé. Gbénga Àlùkò ló kọ́kọ́ jókòó ní 1999, ọmọ Òde nítòsí wa níbí. Bọ̀dé Olówópòròkú gbà á ní 2003. Ṣọlá Akínyẹdé dé ní 2007, Anthony Adéníyì dé ní 2011. Abíọ́dún Olújìmí, ọmọ Òmùò, dé ní 2015. Dayọ̀ Adéyẹyè, ọmọ Ìsẹ̀, dé ní 2019, kò sì tíì mọ ibi tí wọ́n ń gbé omi mímu sí níbẹ̀ tí wọ́n fi ní kó dìde. Yẹmí Adáramọ́dù ará Ìlàwẹ̀ dé ní 2023. Láti 1999 títí kan ìdìbò 2023, kò sí ẹnì kan tí àjọ elétò ìdìbò INEC kéde lórí yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo tó padà, adájọ́ ló fà á lọ́wọ́ wọlé.

Ẹ wo àga ẹgbẹ́ yín ní Àárín Gbùngbùn Èkìtì. Òpéyẹmí Bámidélé wọlé ní 2019, ó tún wọlé ní 2023, ó di Aṣáájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà. Tiwọn ti di àga ìrọ̀gbọ̀kú. Kábíyèsí, ẹ ṣeun tí ẹ kò jẹ́ kí irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ wọ ilé yín.

Àwọn ọ̀tá yín ń sọ pé ẹ kò lójú, pé ẹ kò mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó sùn. Ẹ lójú dáadáa. Adó ló ń wò. Abuja ni wọ́n gbé yín sí, ṣùgbọ́n ilé ìjọba Adó-Èkìtì ni ẹ kọjú sí tọ̀sán tòru.

Ojú-l'Adó, ẹ̀yìn-l'Abuja,
Àga tí kì í mi àfi bí gómìnà bá mí.

Ní 2003, PDP gbé Ayọ̀ Fáyóṣe wọ Adó, ẹ gba PDP. Ní 2007, Ṣẹ́gun Òní ti PDP ni INEC kéde, ẹ tún gba PDP. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá 2010, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yọ Òní, ó gbé Káyọ̀dé Fáyẹmí ti ACN sípò. Kí oṣù méje tó pé, ẹ ti mọ̀ pé ACN lẹ fẹ́ láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti dáyé. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà 2014, Fáyóṣe na Fáyẹmí ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16 tó wà ní Èkìtì, ẹ sì padà sọ́dọ̀ PDP ní 2015. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje 2018, Fáyẹmí padà pẹ̀lú APC, ìbò 197,459 sí 178,121 tí Olúṣọlá Elékà ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ní. APC ni INEC kéde lórí yín ní 2019. Ní oṣù Kẹfà 2022 Bíọ́dún Oyèbánjí ti APC wọlé, APC náà lẹ gbé lẹ́sẹ̀ ní 2023. Àlùkò nìkan lẹ ṣèèṣì gbà, ọmọ PDP, nígbà tí Níyì Adébáyọ̀ ti AD ń ṣe gómìnà. Mo ti dárí jì yín. Èwe ló ń ṣe yín nígbà náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ àṣírí Kábíyèsí, òun nìyẹn. Ìdìbò gómìnà Èkìtì kì í bá ti orílẹ̀-èdè rìn mọ́. Ó máa ń ṣíwájú rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́jọ. Nígbà tí Sẹ́nétọ̀ yóò fi gbé àpótí ìbò tirẹ̀ dé, gómìnà tuntun ti gba owó, ó ti gba ọlọ́pàá mọ́ra, ó ti yan kọmíṣọ́nà láti ìlú yín. Sẹ́nétọ̀ tí kò sí nínú ẹgbẹ́ gómìnà, àlejò ni lórí àga ara rẹ̀.

Ẹ wo bí ẹ ti yẹ́ Olújìmí sí. Ní 2015, nígbà tí Ààrẹ Jonathan pàdánù ìdìbò káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tó jẹ́ pé Èkìtì nìkan ló dúró tì í nínú ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ gbé obìnrin yìí lé orí. Ó gbé àbá òfin lọ pé kí ọkùnrin àti obìnrin ní ẹ̀tọ́ kan náà. Ní oṣù Kẹta 2016 àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dà á nù. Ó tún gbé e padà lẹ́yìn náà. Ẹ̀yin jókòó síbẹ̀, ẹ kò ta pútú. Ní 2018, Godswill Akpabio fi PDP sílẹ̀, wọ́n sì fi Olújìmí rọ́pò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó kéré níye ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà. Oyè ńlá ni. Ó jẹ olórí àwọn tó kéré níye l'Abuja ní ọdún kan náà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ di kékeré l'Adó.

Ọjọ́ ìdìbò kò, ọjọ́ 23 oṣù Kejì 2019. Adéyẹyè tó bá a du ipò, inú PDP náà ló ti wá. Ó ti ṣe agbẹnusọ ẹgbẹ́ ọ̀hún rí, ìgbà tí wọn ò fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì gómìnà ló fò fẹ̀rẹ̀ bọ́ sí APC. INEC kà á: Adéyẹyè 77,621, Olújìmí 53,741. A jó l'Ísẹ̀, a sunkún l'Ómùò. Nígbà tó di ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìdìbò tún un kà, wọ́n fa ìbò àwọn ibùdó tí wọ́n ní kò bófin mu yọ: Olújìmí 54,894, Adéyẹyè 52,243. Ìbò tó lé ní 25,000 ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó gbọ́ ìró rẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Kàdúná fọwọ́ sí i, ẹjọ́ Sẹ́nétọ̀ kì í sì í kọjá ibẹ̀.

Àga tí wọ́n dìbò fún ní Emùré,
Tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ní Kàdúná.
Mélòó la ó kà nínú ìwà adélébọ̀ àga?
Ó ní ọkọ méjì lọ́dún kan,
Ó ní ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó fún méjèèjì.

Mo fẹ́ kí ìkòkò ọbẹ̀ náà, igbákejì yín. Láti ìgbà tí Fáyóṣe ti ń pín ìrẹsì àti adìyẹ ni a ti mọ̀ pé ikùn ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tó di 2018, «dìbò kí o sebẹ̀», ìyẹn gbígba owó ìbò, gba ìlú kan. Ẹ má bá wa wí. Bí Sẹ́nétọ̀ bá lo ọdún mẹ́rin, ohun tí ọwọ́ wa máa ń bà náà ni ẹ̀rọ ìránṣọ, ọ̀kadà àti ẹ̀rọ ìlọta. Ọ̀nà Adó sí Ìkẹ́rẹ́ sí Àkúrẹ́ tí í ṣe ti ìjọba àpapọ̀ sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ba mọ́tò jẹ́ lójú gbogbo wọn. (N kò kẹ́gàn ẹ̀rọ ìlọta o. Ó kéré tán, ó ń lọ ata.) Ẹni tí kò rí ọ̀nà, ọbẹ̀ ló máa bèèrè.

Nígbà tí 2023 fi dé, PDP Èkìtì ti pín sí ti Fáyóṣe àti ti Olújìmí, APC wà l'Adó, Bọ́lá Tinúubú ń du ipò ààrẹ. Ẹ ṣì fẹ́ kí n sọ ẹni tó wọlé? Adáramọ́dù ló wọlé, wọ́n sì fi í ṣe agbẹnusọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, iṣẹ́ kan náà tí Adéyẹyè ń ṣe ní 2019 kí ilé ẹjọ́ tó ní kó dìde. Kábíyèsí, ó jọ pé ẹni tí ẹ bá fẹ́ lé ni ẹ kọ́kọ́ ń fún lẹ́nu.

Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ l'Adó fẹ́ràn Adáramọ́dù báyìí, ẹgbẹ́ kan náà ni òun àti gómìnà. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ lè máa sùn. Bí mo bá jẹ́ wọn, n kò ní sùn tán. Ní 2007, PDP ni Olówópòròkú, PDP ni Òní, PDP náà sì ni Akínyẹdé tó gba ipò lọ́wọ́ Olówópòròkú. Ojú ọjọ́ kò burú rárá, Kábíyèsí sì tún yí ìdí padà.

Torí náà, ẹni tó bá ń wá ìgbà kejì lórí Àga yìí, kó má da ara rẹ̀ láàmú pẹ̀lú àkójọ iṣẹ́ tó ṣe. INEC ti fi ìdìbò gómìnà Èkìtì sí ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà 2026. Ti Sẹ́nétọ̀ di 2027.