Bí O Ṣe Lè Tún Ẹ̀rọ Àwo Orin Ṣe Títí Yóò Fi Bàjẹ́

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Houston ti fi páálí ńlá ránṣẹ́. O tú u, o bá Dual 1219 nínú rẹ̀, ẹ̀rọ àwo orin tí ilé-iṣẹ́ kan ní St. Georgen, lórílẹ̀-èdè Jámánì, ṣe ní àádọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́yìn. Àwo Haruna Ishola tí bàbá yín fi sílẹ̀ sì ń bẹ lábẹ́ ibùsùn. Kí lo tún ń dúró dè? Ọlọ́gbọ́n bíi tìrẹ la kọ ìtọ́ni yìí fún. Ẹni tó bá máa ń béèrè nǹkan kó tó fọwọ́ kàn án, kó ṣí ojú ewé yìí kọjá.

Kọ́kọ́ ki okùn iná rẹ̀ bọ ara ògiri. Má wo ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Iná Amẹ́ríkà kò ju nǹkan bí 120 fóòtì lọ, tiwa jẹ́ 230. Ta ni wọ́n fún lénì tó bínú rí? Bí èéfín bá rú, eruku àtijọ́ ló ń jó.

Bí ojo bá mú ọ, tí o sáré lọ ra tìráńsífọ́mà tó ń sọ 230 di 110, ẹ̀rọ yóò yí, ṣùgbọ́n Sunny Adé yóò máa kọrin bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Iná Amẹ́ríkà máa ń gbọ̀n nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa ń gbọ̀n nígbà 50, ìgbọ̀n yẹn sì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi ń mọ bí yóò ṣe sáré tó. Àwo tó yẹ kó yí nígbà 33 àti ìdámẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan kò ní í lè yí kọjá 28. Irin róbótó kékeré kan ló wà lórí ẹ́ńjìnnì náà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń pààrọ̀ sí èyí tó sanra díẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì parí. Ìwọ má pààrọ̀ nǹkan kan. Gbé jẹnẹrétọ̀ síta. Èyí tó ń yí nígbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan ló ń fún wa ní 50. Máa fún un lépo sí i títí yóò fi dé 3600, 60 dé nìyẹn. Fíríìjì ń ké, gílóòbù ń bẹ́, aládùúgbò ń lu géètì, ṣùgbọ́n jùjú ti bọ́ sí ìlù.

Wàyí o, o tẹ̀ ẹ́, apá tó gbé abẹ́rẹ́ dìde, ó ronú díẹ̀, ó padà lọ sùn síbi tó ti dìde. Ohun tó sábà máa ń fa èyí ni rọ́bà kan tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, tó dé orí irin kan nínú ikùn ẹ̀rọ. Àwọn ará Jámánì ń pè é ní Steuerpimpel. Bí ọjọ́ bá pẹ́, á gbẹ, á já bọ́, apá ò sì ní mọ ọ̀nà orí àwo mọ́. Ìwọ̀nba rọ́bà tí wọ́n ń fi sí fáàfù kẹ̀kẹ́ ológeere, tí a gé wínńkín, lè rọ́pò rẹ̀. Wọ́n á tún fi sípírítì nu gírísì àtijọ́ tó ti gan bí oje igi. Iṣẹ́ àwọn tí kò lágbára nìyẹn. Ìwọ di apá náà mú, kí o fà á. Bó bá kọ̀, fà á gidi. Ohun tó dún “káú” yẹn ló ń dí ọ lọ́wọ́ látàárọ̀.

Má gbàgbé òróró. Táyà rọ́bà kékeré kan wà lábẹ́ ibi tí àwo ń jókòó lé. Gbígbẹ tó gbẹ ló fi ń rí i dì mú kó tó yí i. Fi epo rà á dáadáa, kó máa yọ̀. (Èmi fi àdí àgbọn ra tèmi lọ́jọ́ kìíní àná. Eèrà jayé.)

Ní ti àwọn àwo wúwo tó ń yí nígbà 78, irú èyí tí Tunde King kọ jùjú sí ní 1936, wọn kì í ṣe ike. Ṣẹ́láàkì ni wọ́n, láti ara oje tí kòkòrò kan ń yọ sórí igi ní Íńdíà. Sípírítì máa ń yọ́ ọ. Nítorí náà, sípírítì gan-an ni kí o fi nù wọ́n, kí o sì nù wọ́n títí wọn yóò fi dán bí abẹ́ ìkòkò.

Abẹ́rẹ́ ń fò? Ẹrù gíráàmù kan ààbọ̀ sí mẹ́ta ló tó irú rẹ̀ í gbé. Lé owó onírin kan sí i, lé èkejì, ó di kó máa kọ ebè lójú àwo.

Nígbà tó bá wá dákẹ́ pátápátá, tí ìyàwó rẹ ní kí o gbé pàǹtí náà kúrò nílé, jọ̀wọ́, má gbé e lọ sí àkìtàn. Ilé mi ni kí o gbé e wá. Mo ti ra rọ́bà kẹ̀kẹ́ sílẹ̀.