Adìyẹ Ń Sàba Lórí Bàtà Bàbá Tẹ́là

Ẹ súnmọ́ bí, kí ẹ sì bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn. Ẹnu mi kọ́ lẹ ti gbọ́ ọ o. Ṣé ẹ rántí bàtà kánfáàsì funfun tí ọmọ Bàbá Tẹ́là fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù nígbà Iléyá, èyí tí wọ́n tìtorí ẹ̀ pe gbogbo wa jáde ká wá wò ó? Oṣù mẹ́ta gbáko, bàtà yẹn ò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Ewékorò. Inú páálí ló wà lábẹ́ máṣíìnì, wọn ò dé páálí, ni adìyẹ Ìyá Alákàrà bá wọ ibẹ̀, ó yé ẹyin mẹ́jọ lé bàtà lórí, ó jókòó tì í. Ojú mi ni mo fi rí i. Mo bẹ̀rẹ̀ pé kí n wá aṣọ tí mo kó fún wọn rán láti ọjọ́ aláyé ti dáyé (aṣọ yẹn náà, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn), adìyẹ bá wú ìyẹ́ sí mi bí ẹni pé èmi ni mo wá lé e kúrò nílé.

Mo ní, "Bàbá Tẹ́là, ẹ̀yin tí wọ́n ní kẹ́ ẹ máa rìn, bàtà ìrìn yín rèé tó di ilé abiyamọ."

Wọ́n gbé gíláàsì ojú wọn sórí. "Ṣé kí n wá lé abiyamọ síta ni? Ìwọ náà ṣáà bímọ. Ọjọ́ mọ́kànlélógún péré ni. Tó bá ti pa, màá bẹ̀rẹ̀."

Mo ti gbọ́ àwáwí láyé mi o. Ṣùgbọ́n àwáwí tó níyẹ̀ẹ́ lára, tó ń jẹ àgbàdo, tó sì lè fẹnu ṣá èèyàn jẹ, ti Bàbá Tẹ́là ni mo kọ́kọ́ rí.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo mú ọ̀rọ̀ rírìn wọ agboolé yìí, mi ò sẹ́. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, orí ń fọ́ mi, mo gba ibùdó ìlera lọ. Nọ́ọ̀sì wé nǹkan mọ́ mi lápá, ó fẹ́ ẹ títí apá fi ń ro mí, ó ní 160 lórí 100. Mo ní ṣé ìyẹn dáa. Ó ní, "Mọ́mì, tó bá jẹ́ máàkì ìdánwò ni, ẹ gbégbá orókè. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni." Ó fún mi lóògùn, ó wá ní kí n máa rìn: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ó ní àròpọ̀ ẹ̀, ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má dín fún àgbàlagbà, pé ó tiẹ̀ lè dé 300, kéèyàn sì tún wá ohun tó ń mú iṣan le ṣe fún ọjọ́ méjì. Mo bi í pé báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ìrìn mi yá tó. Ó ní, "Kẹ́ ẹ rìn débi tẹ́ ẹ ti lè sọ̀rọ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ ò ti lè kọrin."

Ẹ wò ó, èmi tí mi ò mọ orin kọ, tó jẹ́ pé inú ọ̀rọ̀ ni wọ́n bí mi sí! Ṣebí oògùn tí wọ́n forúkọ mi pò nìyẹn.

Mo délé, èèyàn mẹ́rin péré ni mo sọ fún. Kó tó di alẹ́, wọ́n ti gbọ́ ní Ìtòrí.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí a máa dáwọ́ lé irú ẹ̀ nínú ilé yìí ṣá o. Oṣù karùn-ún ọdún 2025, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ògùn gba àlejò eré ìdárayá Gateway Games, tí àwọn eléré ìdárayá káàkiri Nàìjíríà ya bo Abẹ́òkúta, tí ọ̀dọ́ tí itan wọn dà bí òpó ń rìn kiri ní Kútọ̀, Bàbá Láńlọ́ọ̀dù lọ ra fèrè. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni wọ́n ń fọn ọ́n, tí gbogbo wa á máa nawọ́ sókè nínú àgbàlá bí ẹni tí ọlọ́ṣà ká mọ́lé. A ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kẹrin, òjò rọ̀. Ọjọ́ karùn-ún, òjò ò rọ̀, ilẹ̀ ló tutù. Ọjọ́ kẹfà tí ilẹ̀ gbẹ, Láńlọ́ọ̀dù ní fèrè sọnù. Mo mọ ibi tí fèrè wà o. Ọmọ Ìyá Alákàrà ló ń fi pe ajá.

Èyí ló jẹ́ pé nígbà tí mo dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì, kálukú ti ní èsì tirẹ̀ nílẹ̀. Ìyá Alákàrà ní òun ò ráyè. Ìyá Alákàrà yìí kan náà tó ń bá mi wo fíìmù Íńdíà láti aago méje alẹ́ títí di mẹ́sàn-án, tó bá sì di ibi tí ìyá ọkọ ti ń fìyà jẹ ìyàwó, á ní ká má yí i kúrò. Nígbà tó rí i pé mo ti fẹ́ sọ ọ́, ó yí ọ̀rọ̀ padà: "Iṣẹ́ tí mò ń ṣe láti ìdájí, kí wá lèyí? Ṣé kì í ṣe eré ìdárayá ni?"

Àbúrò mi kan tó ń kàwé ní FUNAAB wà níbẹ̀. Ó ní lọ́dún 1953, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Jeremy Morris, gbé ìwádìí jáde lórí àwọn tó ń fi bọ́ọ̀sì alájà méjì ṣiṣẹ́. Bọ́ọ̀sì kan náà, ojú ọ̀nà kan náà. Dírẹ́bà jókòó síwájú láti àárọ̀ dalẹ́. Kọ́ńdọ́ ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń gba owó ọkọ̀. Wọ́n wá rí i pé àìsàn ọkàn ń mú dírẹ́bà ju kọ́ńdọ́ lọ, tó bá sì mú un, ó ń le jù.

Ìyá Alákàrà pàtẹ́wọ́. "Kọ́ńdọ́ ni mí!"

Mo ní, "Ìyá Alákàrà, orí àpótí lo ń jókòó sí láti aago márùn-ún títí di mẹ́wàá. Ọwọ́ rẹ ni kọ́ńdọ́. Ìdí rẹ, dírẹ́bà ni."

Ọjọ́ méjì ni ò fi kí mi. Àkàrà tí mo lọ rà lọ́dọ̀ ẹlòmíì nígbà ìjà yẹn, ẹ̀wà tó ti bàjẹ́ ni wọ́n lọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n tètè tọrọ àforíjì.

Àlàájà ní tiwọn ní orúnkún ni, àti pé ọjọ́ orí ti dé. Mo ní, "Àlàájà, Ọbásanjọ́ ará Ìbògùn tó wà nítòsí wa níbí ti lé lọ́gọ́rin ọdún, bọ́ọ̀lù squash tí wọ́n ń gbá mọ́ ògiri ló ṣì ń gbá." Àlàájà wò mí tìyanu-tìyanu. "Wọ́n ń pe ìyẹn ní Ẹbọra Òwu. Ṣé ẹbọra ni mí?" Mi ò rí fèsì. Nọ́ọ̀sì ló gbà mí nígbà tí mo lọ bi í: ó ní orúnkún tó ń gan nítorí ìjókòó, ìrìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ń ràn án lọ́wọ́, èyí tó bá wú tó sì gbóná ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá kí òun wò ó. Àlàájà ní tiwọn ò wú. Ojú wọn le bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, bí ẹni tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ ta lẹ́jọ́.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ti Láńlọ́ọ̀dù ń bọ̀. Ọmọ wọn fi nǹkan sórí fóònù wọn tó ń ka ìṣísẹ̀, ó ní kó máa pé 10,000 lóòjọ́. Ọjọ́ kejì, fóònù ka 14,000. Ẹnu yà wá, nítorí àga tí Láńlọ́ọ̀dù jókòó lé lọ́jọ́ yẹn ò ráyè tutù. Àṣé àpò ọmọ tó ń kiri pió wọ́tà ni wọ́n fi fóònù sí, tí wọ́n fún un ní igba náírà! Àbúrò mi oníwèé tún lanu, ó ní 10,000 yẹn gan-an, ilé ìwòsàn kọ́ ló ti wá, pé ọjà ni. Lọ́dún 1965, ọdún kan lẹ́yìn tí Tokyo gbàlejò Òlíḿpíìkì, iléeṣẹ́ kan ní Jàpáànù ń ta ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ìṣísẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Manpo-kei, ìyẹn ni pé òǹkà ẹgbàárùn-ún ìṣísẹ̀. Láńlọ́ọ̀dù bínú dìde. "Wọ́n ti ń fi mí ṣòwò láti 1965!" Wọ́n padà jókòó.

Èmi náà ńkọ́? Ó dáa, màá sọ tèmi, torí ẹ ó ṣáà gbọ́ ọ níta. Èmi jáde lóòótọ́. Aago mẹ́fà àárọ̀, mo so ìró mi le, mo wọ kánfáàsì ọmọ mi, mo gba ọ̀nà oko tó wà lẹ́yìn ilé, kí n má baà bá àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń kó sìmẹ́ǹtì dù ú lójú títì. Mi ò tíì rìn jìnnà tí ìyá ẹlẹ́kọ fi kí mi.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ibo là ń lọ?"

Mo ní, "Mi ò lọ síbì kankan. Mò ń rìn ni."

Ìyá ẹlẹ́kọ sọ ìpọnkọ sílẹ̀. "Ṣé kò sí o?"

Ẹ gbà mí, kí lèèyàn ń sọ sí ìyẹn? Nílùú tí ibo-là-ń-lọ ti jẹ́ ìkíni, ẹni tí ò lọ síbì kankan, yálà orí ẹ̀ ti dàrú tàbí ó lọ ṣe ohun tí ò ṣeé sọ. Ọlọ́kadà méjì dúró, wọ́n ní kí n gùn ún, kí n san owó lọ́la. Èyí tó wá burú jù, mo rántí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì pé kí n yẹ ara mi wò bóyá mo lè sọ̀rọ̀. Èmi nìkan ni, ta ni kí n bá sọ ọ́? Mo ń bá ara mi sọ ọ́. Mo bi ara mi, mo dá ara mi lóhùn, mo wá gbìyànjú orin díẹ̀ láti mọ̀ bóyá kò ní lọ. Kò lọ lóòótọ́. Kí n tó délé, àna mi ti pe ọkọ mi láti Arigbájó pé ẹ tètè gbé ìyàwó yín lọ síbì kan, wọ́n ti rí i lójú ọ̀nà oko, ó ń dá sọ̀rọ̀, ó ń dá kọrin.

Ọ̀sẹ̀ kan ni mi ò fi jáde mọ́. Ṣé ẹ dá mi lẹ́bi?

Ṣùgbọ́n inú ń gbé mi. Ẹ mọ ibùdókọ̀ ojú irin tuntun tó wà ní Papalanto, tí wọ́n fi orúkọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti pè? Ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn ló là mí lójú. Nígbà tí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ń bá ìjọba jà lórí owó orí lọ́dún 1947, tí ìjọba kọ̀ pé àwọn ò gbà kí wọ́n wọ́de, wọ́n ní kò burú, àwọn kì í ṣe ìwọ́de, àríyá làwọn ń lọ ṣe. Wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn dé ààfin Aké, wọ́n sùn síbẹ̀. Ní 1949, Aláké Adémọ́lá fi àga sílẹ̀. Ká tó wá dé ìyẹn, Lísàbí, akọni Ẹ̀gbá, fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àáró ló pe ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀. Lónìí wọ́n ro oko tìẹ, lọ́la wọ́n ro oko tèmi, Ọ̀yọ́ ń wò wọ́n pé àgbẹ̀ lásán ni wọ́n, àṣé ọgbọ́n tí wọ́n fi máa gba ara wọn lọ́wọ́ àwọn ìlàrí, aṣojú ọba Ọ̀yọ́, ni wọ́n ń dá nídìí ebè.

Mo ní háà, Ẹ̀gbá kì í jáde lásán! Àwa tá à ń forí wá àwáwí tí a ò fi ní lọ, àwáwí tí a máa fi lọ ló yẹ ká wá.

Bí mo ṣe dá àáró ẹsẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ márùn-ún, oko márùn-ún. Ọjọ́ Ajé, ti Ìyá Alákàrà: a ó lọ bèèrè iye tí wọ́n ń ta ẹ̀wà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ti Láńlọ́ọ̀dù: wọ́n fẹ́ wo rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn bó ṣe ń kọjá, bí ọmọdé. Ọjọ́rú, ti Àlàájà: kíkí àna, ìrìn pẹ̀lẹ́. Ọjọ́bọ̀, tèmi: gbígba gbèsè láfún tí mo tà. Ẹ gbọ́, tí nọ́ọ̀sì bá mọ bí gbèsè ṣe ń mú ìrìn yá, ì bá kọ ọ́ mọ́ oògùn. Ọjọ́ Ẹtì, ti Bàbá Tẹ́là: kí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn gbé aṣọ lọ fún oníbàárà.

Tí wọ́n bá wá bi wá pé ibo là ń lọ, a ní èsì. Tó bá sì ń ṣe ọ́ bí ẹni pé kó o má jáde, àwọn mẹ́rin ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti bá ọ ro tìẹ lánàá. Ojú á tì ọ́. Ìkúnlẹ̀ kí àgbà lójú ọ̀nà nìkan, mo kà á lọ́jọ́ kan, mẹ́rìndínlógún. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí n máa yára dìde. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wọ̀n mí, 142 lórí 90, ó ní kí n má tìtorí ìyẹn ju oògùn sílẹ̀ o. Ohun tí à ń gbọ́ lójú ọ̀nà ńkọ́? Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń kọ́lé lẹ́yìn mọ́sáláṣí yẹn, kì í ṣe owó ẹ̀ ló fi ń kọ́ ọ. Ẹ fi í síbẹ̀.

Bàbá Tẹ́là nìkan ló kù. Ọjọ́ Ẹtì méjì, "Adìyẹ ò tíì pa." Ọjọ́ Ẹtì kẹta, ìyẹn òní yìí, a gbọ́ píò-píò láti ìta. Gbogbo wa ya wọ ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ méje, ofeefee bí iyẹ̀fun àgbàdo, wọ́n ti tẹ̀ lé ìyá wọn dé ìdí ìkòkò omi. Bàtà rèé, ìyẹ́ àti ìgbẹ́ adìyẹ ti bo ti òsì. A wo Bàbá Tẹ́là. Bàbá Tẹ́là tẹjú mọ́ inú páálí, wọ́n wá tọ́ka sí i: ẹyin kan ṣoṣo ṣì wà nínú bàtà ọ̀tún, ó jókòó sí ibi ìka ẹsẹ̀.

"Ẹ rí i? Ọ̀kan ṣì kù."

Àlàájà, Àlàájà tó ní orúnkún, bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbọn bàtà òsì pàpà mọ́ ògiri, wọ́n gbé e síwájú Bàbá Tẹ́là. "Ẹ wọ èyí tó ṣófo."

Bí Bàbá Tẹ́là ṣe rìn já títì láàárọ̀ yìí nìyẹn, kánfáàsì Lọ́ńdọ̀nù lẹ́sẹ̀ òsì, sílípáàsì lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, bùbá oníbàárà léjìká. Gbogbo ẹni tí a pàdé ló ń wo ẹsẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí bi wá pé ibo là ń lọ. A padà dé, wọ́n ní ọ̀la ńkọ́, mo ní ọ̀la Sátidé, ìsinmi ni. Ni wọ́n bá fajú ro. Wọ́n ní àwọn ti fi ọjọ́ Ẹtì méjì jẹ àáró ní gbèsè, kí a jáde lọ́la, kí a lọ sí oko ẹni tó bá wù wá. Wọ́n wá na ìka sí mi, pé tèmi ni.

Ta ló ń kan ilẹ̀kùn yẹn? Áà. Ẹ má ṣí i. Irọ́ ni ọ̀la, wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ yìí náà ni àwọn fẹ́ san án. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé orúnkún ń dùn mí. Rárá, Àlàájà ló ni ìyẹn. Ẹ ní mò ń wá bàtà mi.