Alájíìpù Ṣekárími

Alájíìpù ṣekárími ni ẹni tó fi owó gọbọi ra ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún igbó, ẹrẹ̀ àti àpáta, tó wá bọ́ gbogbo ohun tó lè gbé ọkọ̀ náà dé igbó kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Èkó ló pọ̀ sí jù, ṣùgbọ́n kò ṣọ̀wọ́n ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, agbára káká sì ni òde ìnáwó ńlá kan yóò fi parí nílẹ̀ Yorùbá kí a má rí i níbẹ̀. Ọkọ̀ tó ń wù ú jù ni Land Cruiser, Prado, Lexus LX àti G-Wagon. Ọdún 1951 ni Toyota bẹ̀rẹ̀ ìran Land Cruiser. Ọdún 1979 ni Mercedes-Benz gbé G-Wagon jáde. Ọkọ̀ tó ń gun òkè, tó ń la omi kọjá ni àwọn méjèèjì. Lọ́wọ́ ṣekárími, òkè tó ga jù tí wọ́n máa gùn láyé wọn ni bọ́ńpù tó wà lẹ́nu géètì ẹ́sítéètì.

Àmì tí a fi ń dá a mọ̀ kò fara sin. Rímù rẹ̀ ń kọ mànà, íǹṣì 22 tàbí 24 ni, táyà tó yí i ká sì tín-ín-rín débi pé àlejò lè rò pé wọ́n gbàgbé táyà sílé. Kì í gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ibi tí àwọn tó ń wọlé àríyá yóò ti rí i ló ń gbé e sí, á sì yí sítíárì díẹ̀ kó tó pa iná, kí ojú rímù iwájú lè kọ sí ẹnu ọ̀nà.

Bó ṣe ń yan rímù gba àfiyèsí. Ní ọjà Ládípọ̀ ní Èkó tàbí ní ṣọ́ọ̀bù onírímù èyíkéyìí, kì í béèrè ẹrù tí táyà lè gbé, kì í béèrè ọdún tí wọ́n ṣe é. Wọ́n á so ẹyọ kan mọ́ ọkọ̀, á fà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta, á fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á wá bi ọlọ́jà ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Ṣé ó kún?” Ọlọ́jà mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. “Alága, ó kún dẹ́ńdẹ́. Ẹ tiẹ̀ lè wọ 24, ọkọ̀ yín á gbà á.” Bí dírẹ́bà bá fi ohùn kékeré sọ pé, “Ọ̀gá, ti tẹ́lẹ̀ yẹn rọrùn ju èyí lọ,” èsì tó máa gbọ́ ni, “Ṣé ìwọ lo ni ín?”

Ohun tí kò béèrè wọ̀nyí, ara táyà ni wọ́n kọ wọ́n sí. Ọ̀pọ̀ Land Cruiser 200 ló kúrò nílé iṣẹ́ pẹ̀lú táyà 285/60R18 116V. 285 ni ìbú táyà ní mìlímítà. 60 ń sọ gíga etí táyà: ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìbú yẹn, ìyẹn mìlímítà 171. R ni rédíà, ọ̀nà tí wọ́n gbà to okùn inú rẹ̀. 18 ni íǹṣì rímù tó máa gbà á. 116 ni àmì ẹrù, pé táyà kan lè ru kílò 1,250. V ni ti eré, pé kò gbọdọ̀ kọjá kìlómítà 240 ní wákàtí kan. Nínú gbogbo rẹ̀, nọ́ńbà rímù nìkan ni ṣekárími mọ̀, ó sì dá a lójú pé bó ṣe ń pọ̀ sí i ni iyì òun ń pọ̀ sí i.

Ìṣirò tó yẹ kó ṣe kò le. Bí a bá fi etí táyà ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ kún rímù, gíga 285/60R18 látòkè délẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 799. Ẹni tó bá fi 305/40R22 rọ́pò rẹ̀ á ní 803, ìyẹn ni pé gíga fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà rárá. Irin ló gba àyè rọ́bà. Etí táyà ti sọ̀ kalẹ̀ láti 171 sí 122. Rọ́bà tó lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Rọ́bà yẹn àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gba ìyà kòtò, kó tó kan rímù, ṣọ́kì àti ìdí ẹni tó jókòó. Nínú iyanrìn pẹ̀lú, awakọ̀ tó mọṣẹ́ á dín afẹ́fẹ́ táyà kù kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tẹ́ sílẹ̀, kó má baà rì. Táyà tó ti tín-ín-rín kò ní ohun tó máa tẹ́.

Àwíjàre tó wọ́pọ̀ lẹ́nu ṣekárími ni pé rímù ńlá ń gbé ọkọ̀ sókè, pé ti omi Lẹ́kí lásìkò òjò ni òun ń rò. Rímù kì í gbé ọkọ̀ sókè. Gíga táyà látòkè délẹ̀ ló ń gbé e, ìdajì ohun tó bá fi lé sì ni abẹ́ ọkọ̀ ń rí jẹ. Bó bá fò dé 305/35R24, gíga rẹ̀ di 823. Ó fi mìlímítà 24 ju ti ilé iṣẹ́ lọ, abẹ́ ọkọ̀ sì fi 12 péré ga sí i, ìbú ìka kan. Nítorí ìka kan yìí, géèjì eré bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́: bó bá fi 100 hàn, ọkọ̀ ti ń sá nǹkan bíi 103. Táyà ìpààrọ̀ tó wà lábẹ́ ọkọ̀ ṣì jẹ́ 18, torí kò sẹ́ni tó ń rí i lóde àríyá. Lọ́jọ́ tí táyà bá jò lọ́nà, jíìpù ńlá á tiro wọ̀lú.

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì tún wà níbẹ̀. Land Cruiser 200 ní nọ́ọ̀tì márùn-ún lórí òbírí tó fẹ̀ tó mìlímítà 150. Prado ní mẹ́fà lórí 139.7, G-Wagon ní márùn-ún lórí 130. Ihò àárín rímù gbọ́dọ̀ bá họ́ọ̀bù mu, ti Land Cruiser 200 sì jẹ́ 110. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ET ṣáájú ń sọ bí rímù ṣe wọlé tó, bóyá táyà á dúró sábẹ́ fẹ́ńdà tàbí á yọ síta. Bí èyí kò bá bára mu, ọlọ́jà á fa sípésà yọ, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sáàárín rímù àti họ́ọ̀bù. Táyà á wá yọ kọjá fẹ́ńdà, á máa ta ẹrẹ̀ sára ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, bẹ́rìn á sì máa fara da ohun tí wọn kò ṣe é fún. Ṣekárími á ní bí ọkọ̀ ọkùnrin ṣe ń dúró nìyẹn.

Àbájáde rẹ̀ kì í pẹ́. Kòtò kan ṣoṣo lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tó bẹ́ẹ̀. Fọkanáísà á tú rímù náà, á yí i, á nàka sí ibi tó ti ká, á sì fọwọ́ pa etí táyà níbi tó ti yọ kókó. Okùn inú rẹ̀ ti já. Kò ṣe é lẹ̀ mọ́. “Ọ̀gá, ẹ lọ ra òmíràn ni o.” Lẹ́yìn èyí, búúṣì, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì àti ṣọ́kì á máa dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí rímù ńlá wúwo, bíréèkì náà sì ń jìyà kó tó dá a dúró. Mẹkáníìkì mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n owó iléèwé ọmọ tirẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà.

Nígbà tí rímù bá ti gbé owó tán, táyà á di tòkúnbọ̀. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa ní Port Harcourt ní 2007, Dunlop dáwọ́ dúró ní Ìkẹjà ní 2008, òkè òkun sì ni táyà ti ń wọlé, tuntun àti àlòkù. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn àmì DOT lára táyà ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 ni ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Rọ́bà ń gbó bí a kò tilẹ̀ lò ó, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó kò sì yéé kìlọ̀ nípa táyà tó ti lo ìgbà rẹ̀ tán. Ṣekárími mọ ọjọ́ orí wáìnì tó wà lórí tábìlì àríyá; kò mọ ti táyà tó gbé ìyàwó àtọmọ rẹ̀ débẹ̀. Ojú ló sì fi ń wọn afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó máa ń gbóná lórí eré, ooru yẹn ló sì ń bẹ́ ẹ.

Ìbátan rẹ̀ kan wà tí kò fẹ́ràn rímù dídán. Táyà M/T eléyín gàdàgbà, tí wọ́n ṣe fún ẹrẹ̀, ni tirẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ kò sì kọjá ilé sí báǹkì. Lórí ọ̀dà, táyà yìí ń hó, ó ń jẹ epo, kì í sì í di ojú títì tútù mú bíi táyà H/T tí wọ́n ṣe fún ojú títì. Ẹni tó ń rin títì lójoojúmọ́, tó tún ń dé oko lópin ọ̀sẹ̀, táyà A/T, tí wọ́n ṣe fún títì àti ọ̀nà oko, ló yẹ ẹ́.

Bí a bá yọ ti ojú ayé kúrò, yíyan táyà jíìpù kò gba àrà. Àmì ẹrù kò gbọdọ̀ dín sí ti ilé iṣẹ́. Gíga látòkè délẹ̀ gbọ́dọ̀ sún mọ́ ti àtètèkọ́ṣe, nọ́ọ̀tì àti ihò àárín gbọ́dọ̀ bára mu láìsí sípésà, etí táyà sì gbọ́dọ̀ nípọn tó kòtò tí a ń bá pàdé. Ìwọ̀n táyà àti ti afẹ́fẹ́ wà lára bébà tí ilé iṣẹ́ lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn awakọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni kíkà rẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ ra rímù, kó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ kà á, kó tó ṣí àpò.